Ẹ̀rọ ìmí abẹ́ omi ti àtijọ́: kí ni ká yẹ̀ wò lára rẹ̀, kí ló sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń mòòkùn ní Ọ̀sà Èkó?

Ọmọ Ìdúmàgbò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sìlíńdà irin kan àti rẹ́gúlétọ̀ oníhọ́ọ̀sì méjì (ohun tó ń tú afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà fún amòòkùn) wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù àtijọ́ mọ́ ní Apápá. Wọ́n tẹ ICC-3AA2250 sí èjìká sìlíńdà náà, ọ̀pá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, họ́ọ̀sì méjèèjì sì ti ń sán. Kò sí géèjì kankan lára rẹ̀. Irú èwo nìyí? Ṣé ó ṣì ṣeé lò? Báwo sì ni àwọn amòòkùn ìgbà náà ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń tán, nígbà tí kò sí géèjì?

Ẹlẹ́rọ Owódé
Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan fáàfù yẹn. Má sì gbà pé sìlíńdà náà ṣófo.

Ọ̀pá wáyà tí o rí yẹn ló ń fa fáàfù ìpamọ́, èyí tí àwọn dáífà ń pè ní J-valve. Sìpíríńgì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí pírẹ́ṣà bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 300 psi, ìyẹn bíi 20 báà. Bí ọ̀pá bá wà lókè, tí o ṣí fáàfù, tí o kò gbọ́ nǹkan kan, 300 psi ṣì lè wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́ fa ọ̀pá náà wálẹ̀, kí o wá ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀ ní ìta gbangba, kí ojú ihò rẹ̀ má kọ sí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá tún dún, ìpẹtà tàbí iyọ̀ lè ti dí i. Má fi òòlù kàn án, má sì fi sípánà tú fáàfù kúrò lọ́rùn rẹ̀ fúnra rẹ. Fáàfù tó bá fò yọ lọ́rùn sìlíńdà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Gbé e lọ fún àwọn tó ń fi omi dán sìlíńdà wò.

Má fa afẹ́fẹ́ tó bá jáde níbẹ̀ sínú. Irin tó ń dípẹtà ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni, pàápàá bí omi díẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, afẹ́fẹ́ tó kù lè máà ní ọ́síjìn tó láti gbé ènìyàn dúró, kò sì ní òórùn kan tí yóò kì ọ́ nílọ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: ICC ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ kí DOT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà níbẹ̀, tó gba iṣẹ́ náà. Nítorí náà, sìlíńdà yìí ti wà kí ọdún 1970 tó dé tàbí ní àgbègbè rẹ̀. 3AA ni irú irin rẹ̀. 2250 ni psi tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí àmì + bá wà lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gbà á láyè láti kún dé 2475. Èyí ni sìlíńdà tí gbogbo ayé mọ̀ sí 72, nítorí pé 72 cubic feet afẹ́fẹ́ ló ń gbà, ìyẹn nǹkan bíi 2,000 lítà.

Ọmọ Ìdúmàgbò
Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. N kò ní fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ti tú fáàfù rẹ̀, kí ni kí n ní kí wọ́n wò?

Ẹlẹ́rọ Owódé
Inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n ki iná kékeré bọ̀ ọ́. Ìpẹtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀ bí ẹtù kò burú jù, ó ṣeé fọ̀. Èyí tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, tàbí tó ti gbẹ́ ihò sára irin, ni kí o bẹ̀rù. Àwọn kan nínú sìlíńdà ìgbà yẹn ní ọ̀dà nínú. Ọ̀dà yẹn máa ń ṣí, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, irin á máa jẹra níbi tí ojú kò tó. Bí o bá rí ọ̀dà nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bí irin náà ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò omi. Fún 2250, wọ́n á fi omi tì í dé 3,750 psi, wọ́n á wo bí ó ṣe wú, àti bóyá ó padà sí bó ṣe wà. Bí wíwú tó kù lẹ́yìn tí wọ́n tú pírẹ́ṣà sílẹ̀ bá ju ìdá mẹ́wàá gbogbo wíwú rẹ̀ lọ, sìlíńdà náà ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n máa wo inú.

Wo ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó pẹ́ jù ní ẹnu onílà bí ti bóòtù, tó ń tín-ín-rín lọ, ìdajì ínǹṣì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ẹnu tó gún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, pẹ̀lú ó-ríìngì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agídí wé ọ̀kan mọ́ èkejì. Má sì gbé sìlíńdà fún àwọn tó ń kun mọ́tò kí wọ́n fi iná yan ọ̀dà sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí wẹ́dà má jó irin ìmúdání kankan mọ́ ọn.

Tíṣà Físíìsì, Yábàá
Ẹ jẹ́ kí n mú ti họ́ọ̀sì méjì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbọ́.

Họ́ọ̀sì ọ̀tún ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá sẹ́nu, ti òsì ló ń gbé èémí padà sẹ́yìn. Nínú agolo rẹ́gúlétọ̀ ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí omi ń tì láti ìta. Bí o bá fa èémí, rọ́bà náà á wọnú, á tẹ ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá á ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ á sì wọlé títí pírẹ́ṣà inú agolo yóò fi bá ti omi dọ́gba. Ibi tí èémí ń gbà jáde gbọ́dọ̀ wà ní ìjìn kan náà pẹ̀lú rọ́bà yìí. Ká ní ihò ìjáde fi 15 sẹ̀ǹtímítà ga ju rọ́bà lọ: omi á ti rọ́bà ju bó ṣe ń ti ihò lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa tú dànù fúnra rẹ̀. Bí ihò bá rẹlẹ̀ ju rọ́bà, èémí á wúwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní odò Marne, lẹ́bàá Paris, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, nígbà tí Jacques-Yves Cousteau, amòòkùn ará Faransé, kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí Émile Gagnan ṣe wọ omi. Bí ó bá nà gbọọrọ, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró, afẹ́fẹ́ ń ṣòfò. Bí ó bá dorí kodò, kò fẹ́ẹ̀ rí nǹkan fà. Wọ́n gbé ihò ìjáde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, ọ̀rọ̀ sì tán. Gagnan jẹ́ ẹnjiníà ní Air Liquide, iléeṣẹ́ gáàsì ní Faransé, fáàfù tó ti ń ṣe fún mọ́tò tó ń fi gáàsì rìn nígbà tí ogun mú kí bẹntiróòlù wọ́n ló yí padà fún iṣẹ́ yìí. Ní 1952, Ted Eldred ní Melbourne gbé rọ́bà àti ihò ìjáde méjèèjì wá síbi ẹnu fúnra rẹ̀. Bí họ́ọ̀sì kan ṣe tó nìyẹn, ohun tí ẹ ń rí lọ́jà lónìí sì nìyẹn.

Ẹni tó bá máa lo oníhọ́ọ̀sì méjì gbọ́dọ̀ rántí pé ẹ̀yìn ni rẹ́gúlétọ̀ wà. Bí o bá dojú bolẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ wà lókè ẹ̀dọ̀fóró rẹ, èémí á le díẹ̀. Bí o bá fẹ̀yìn lélẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa ya wọ ẹnu rẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń de sìlíńdà kí agolo jókòó sáàárín egungun èjìká méjèèjì, kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kó má ga dé ọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ń le láti mí, dídè ni wọn kò dè é dáadáa.

Bí họ́ọ̀sì bá yọ lẹ́nu: gbé ojú ẹnu rẹ̀ ga ju rẹ́gúlétọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á máa tú níbẹ̀, omi kò ní ráyè. Fi sẹ́nu bí ó ṣe ń tú. Bí omi bá ti wọ inú họ́ọ̀sì, yí ara sí apá òsì kí họ́ọ̀sì òsì wà nísàlẹ̀, kí o fẹ́ èémí jáde pẹ̀lú agbára lẹ́ẹ̀kan. Fẹ́ kí o tó fà.

Dáífà Tarkwa
Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó kan wa lónìí. Aago, ìṣirò, àti ọ̀pá yẹn: ohun mẹ́ta tí wọ́n ní nìyẹn. Géèjì tí a ń gbé sọ́wọ́ kò wọ́pọ̀ títí di àwọn ọdún 1960 lọ sí 1970.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń lo bíi 25 lítà ní ìṣẹ́jú kan lójú omi. Ní 10 mítà, pírẹ́ṣà jẹ́ báà 2, ó di 50. Sìlíńdà 72 tó kún ní 2,000 lítà. 300 psi ìpamọ́ jẹ́ bíi 240 nínú rẹ̀. Ó ku 1,760. Pín in sí 50: ìṣẹ́jú 35. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ha ara ọkọ̀ tàbí tó ń fa okùn lè lo 40 lítà lójú omi, ó di 80 ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, 22 ni gbogbo àkókò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jàǹbá ń bẹ láàárín 35 sí 22 yẹn.

Bí èémí bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọwọ́ á lọ sẹ́yìn, á fa ọ̀pá wálẹ̀, 240 lítà á tú sílẹ̀. Ní 10 mítà, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹni tó balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí fífa ọ̀pá fi túmọ̀ sí gòkè nísinsìnyí. Kì í ṣe pé kí o kọ́kọ́ parí bóòtù kan tó kù.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ padà sókè kí amòòkùn tó wọ omi. Ẹni tó rọ ọ́ gbàgbé, amòòkùn náà kò wò ó, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìní ìpamọ́ kankan. Tàbí okùn, àwọ̀n tàbí ara àkàbà gbá a wálẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Afẹ́fẹ́ á tán ni. Kan ọ̀pá lójú omi, kàn án nígbà tí o bá dé ìsàlẹ̀, kí o sì máa kàn án ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ọmọ Ìdúmàgbò
Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n géèjì ti wà báyìí. Kí ló wá kan wa nínú ìṣirò àtijọ́?

Dáífà Tarkwa
Torí pé o kò lè rí géèjì rẹ, àbúrò. Lábẹ́ ọkọ̀ ní Apápá, tàbí nínú Ọ̀sà nígbà òjò, ọwọ́ ara rẹ lè máà hàn bí o bá gbé e dé iwájú ìbojú. Géèjì tí a kò lè kà kò yàtọ̀ sí pé kò sí. Amòòkùn tó bá ti ṣírò ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi sì ń wo aago fún un, ló lè ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn yẹn. Ká má tan ara wa, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkè wá nínú họ́ọ̀sì ló dára jù fún irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sìlíńdà lo máa lò:

Bu omi tó mọ́ gaara sínú náílọ̀n tí kò ní ìkọ̀wé lára, so ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má kù síbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìbojú, tẹ géèjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tan iná láti ẹ̀gbẹ́. Omi mímọ́ inú náílọ̀n á gba ipò omi dúdú, wàá sì rí nọ́ńbà. Náílọ̀n píọ̀ wọ́tà kò dára fún un nítorí ìkọ̀wé ara rẹ̀.

Okùn sì nìyí, bí wọ́n ṣe ń lò ó látijọ́, tí kò tíì yí padà. Òkè fà á lẹ́ẹ̀kan: ṣé ara rẹ dá? Amòòkùn dáhùn lẹ́ẹ̀kan: ó dá. Láti ọwọ́ amòòkùn, ẹ̀ẹ̀mejì: tú okùn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta: fa okùn tó dẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin: fà mí gòkè. Méjì-méjì-méjì: nǹkan ti wé mọ́ mi, rán ẹlòmíràn sí mi. Mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta: nǹkan wé mọ́ mi ṣùgbọ́n mo lè tú u. Mẹ́rin-mẹ́rin-mẹ́rin: fà mí gòkè kíákíá. Bí òkè bá fà á lẹ́ẹ̀kan tí kò sí ìdáhùn, kí wọ́n tún fà á. Bí kò bá sí ìdáhùn síbẹ̀, kí amòòkùn kejì, tó ti múra tán, wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ohun kan wà tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ, òun ló sì ń pa ènìyàn jù.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa iyanrìn ní Oworonṣókí àti Bàrígà ń fi èémí ara wọn mòòkùn. Ẹni tó fi èémí ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lè pa ẹnu dé títí á fi gòkè, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, nítorí afẹ́fẹ́ tó gbé sọ̀kalẹ̀ náà ló gbé gòkè. Gbé sìlíńdà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó pa ẹnu dé bó ṣe mọ́ ọn lára: lítà 6 tó fà sínú ní 10 mítà á di 12 bí ó ṣe ń dé òkè. Ẹ̀dọ̀fóró á ya, afẹ́fẹ́ á wọ ẹ̀jẹ̀, á dé ọpọlọ. Omi tó fi díẹ̀ ju mítà kan lọ ti tó láti fa èyí. Ẹni tó mọ omi jù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ara rẹ̀ ti kọ́ òdìkejì. Kó máa mí wọlé, kó máa mí jáde, láìdúró. Bí ohun ìfẹnumú bá ti yọ lẹ́nu, kó máa tú ìhó kéékèèké jáde títí á fi dé òkè.

Èkejì: àwọn àgbà máa ń sọ pé sìlíńdà 72 kan ṣoṣo kò lè fún ènìyàn ní ìhó náítírójìn nínú ẹ̀jẹ̀. Tábìlì Ọmọ Ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1950, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí amòòkùn lè lò ní ìjìn kọ̀ọ̀kan kó sì gòkè tààrà, ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ wò ó pẹ̀lú 25 lítà tí ẹ̀gbọ́n wa lò. Ní 18 mítà, tábìlì fún ọ ní 60 ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ á tán ní 28. Ní 30 mítà, 25 ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ á tán ní 20. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 40 mítà, 10 ìṣẹ́jú péré ni tábìlì gbà, afẹ́fẹ́ sì tó 16. Ó ti já níbẹ̀. Sìlíńdà kejì lọ́jọ́ kan náà sì lè já a ní ìjìn tó kéré sí ìyẹn, bíi 30 mítà, nítorí náítírójìn àkọ́kọ́ ṣì wà lára.

Ẹ rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó dojú dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Bíi 60 wákàtí ló fi wà nínú àyè afẹ́fẹ́ kékeré ní nǹkan bíi 30 mítà. Àwọn dáífà tó bá a níbẹ̀ kò lè gbé e wá sójú omi tààrà. Náítírójìn ti kún ara rẹ̀ ju èyí tí gígòkè lásán lè mú kúrò. Ó ju ọjọ́ méjì lọ tó fi wà nínú yàrá pírẹ́ṣà.

Látijọ́, 18 mítà ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń gòkè, wọ́n sì ní kí amòòkùn má yára ju ìhó rẹ̀ tó kéré jù lọ. 9 mítà ni ti ìsinsìnyí. Nínú omi dúdú, ẹ kò rí ìhó kankan: ẹ ta kókó sára okùn ní mítà mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ ka ogún ìṣẹ́jú-àáyá láti kókó kan sí èkejì.

Ọmọ Ìdúmàgbò
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ká ní sìlíńdà yege ìdánwò, níbo ni wọ́n ti ń rọ afẹ́fẹ́ sí i? Ẹnìkan ní kí n lọ bá fọkanáísà, ẹlòmíràn ní ọ́síjìn wẹ́dà.

Ẹlẹ́rọ Owódé
Rárá, méjèèjì.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà kò lè dé pírẹ́ṣà yẹn, òróró inú rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jáde, kò sì ní fílítà kankan. Ti wẹ́dà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́síjìn tó wọ sìlíńdà tàbí rẹ́gúlétọ̀ tí gíríìsì lásán wà lára rẹ̀ lè gbiná. Bí kò bá tilẹ̀ gbiná, ọ́síjìn nìkan di májèlé fún ọpọlọ bí amòòkùn bá ti ń kọjá mítà mẹ́fà tàbí méje: ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á dákú, á sì mu omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irú rẹ̀ ṣe Cousteau fúnra rẹ̀ kí ó tó fi ẹ̀rọ ọ́síjìn sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi wá Gagnan lọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú Aqua-Lung, ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì ṣe, láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ ìmí ni kí o wá, èyí tó ní fílítà èédú àti èyí tó ń fa omi kúrò, tí wọ́n sì ń kọ wákàtí fílítà náà sílẹ̀. Nígbà tí o bá débẹ̀, wo ohun kan: níbo ni ẹnu tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ wà? Ní Èkó, jẹnẹrétọ̀ wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá dé ẹnu yẹn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì á wọ sìlíńdà. Kò lóòórùn. Ìwọ̀n tí ara lè fara dà lójú omi di ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ ní 10 mítà. 10 nínú mílíọ̀nù kan ni òpin tí wọ́n gbà nínú afẹ́fẹ́ ìmí. Kí páìpù ìfafẹ́fẹ́ ga, kó jìnnà, kó wà níbi tí atẹ́gùn ń ti bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rùn bí òróró, tàbí tí orí bá ń fọ́ ẹni tó lò ó, sìlíńdà náà kò gbọdọ̀ tún wọ omi.

Tíṣà Físíìsì, Yábàá
Ti rẹ́gúlétọ̀ kù. Họ́ọ̀sì tó ti sán kò ṣeé tún ṣe, pààrọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n ṣì ń ṣe họ́ọ̀sì tuntun, rọ́bà pẹlẹbẹ àti rọ́bà ẹlẹ́nu-pẹ́pẹ́yẹ ti ìjáde fún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí nílùú òyìnbó, pẹ̀lú sílíkóònù. Fi fínígà àti omi, ìdajì sí ìdajì, fọ idẹ rẹ̀, má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí króòmù má baà ṣí, kí o sì fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Má jẹ́ kí kẹrosíìnì tàbí Vaseline kan rọ́bà. Gíríìsì sílíkóònù ni, ó sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín.

Kí o tó so ó mọ́ sìlíńdà, fi ọwọ́ dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí o fa ẹnu họ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ fún ọ ní nǹkan kan. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé, omi náà á wọlé níbẹ̀: wo họ́ọ̀sì ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, lẹ́yìn náà rọ́bà pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà rọ́bà ìjáde. Má so irú rẹ́gúlétọ̀ yìí mọ́ sìlíńdà òde òní tó kọjá 3,000 psi.

Ọmọ Ìdúmàgbò
Ọ̀kan péré ló kù. Aṣọ ìdè rẹ̀ ti gbó, kò sì sí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Kí ni wọ́n fi ń dọ́gba nínú omi?

Dáífà Tarkwa
Òjé àti èémí ni. Pààrọ̀ aṣọ ìdè náà, má rán an. Bẹ́líìtì òjé ni wọ́n ń dè kẹ́yìn, lórí gbogbo okùn tó kù, pàápàá lórí okùn tó gba àárín ẹsẹ̀. Bí okùn yẹn bá wà lórí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì kò ní já bọ́ nígbà tí o bá tú u. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó lè tú u.

Afẹ́fẹ́ inú 72 wúwo tó bíi kìlò 2.4, nítorí náà wàá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tán. Wọn òjé rẹ pẹ̀lú sìlíńdà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: dúró gbọọrọ, mú ìdajì èémí, kí omi dé ojú rẹ. Tún un wọ̀n bí o bá ti kúrò ní Tarkwa wá sínú Ọ̀sà láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Òjò á ti fọ iyọ̀ inú Ọ̀sà dànù nígbà yẹn. Fún ẹni tí òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ 100 kìlò, omi aláìníyọ̀ ń gbé e ní bíi kìlò 2.5 kéré sí omi òkun. Yọ ìyẹn kúrò lára bẹ́líìtì kí o tó wọlé.